Afẹ́fẹ́ Abẹ́ Ọmọrí

"Ta ló ní kí ẹ fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i? Àbí ọsàn lẹ rò pé ẹ ń bó ni?"

Ohùn ọmọbìnrin náà ti lu òrùlé. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ata Wẹ́wẹ́. Ó dúró lẹ́yìn tábìlì iṣẹ́, irin tí wọ́n fi ń yọ́ òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀, èéfín tín-ín-rín ń rú lẹ́nu irin náà, òógùn sì ń dán ní imú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá wí ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ó gbé gítà iná mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó na ọwọ́ kejì. Inú aṣọ ìnujú ni ọmọrí irin kékeré kan wà, ó ti ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Ẹnìkan ló sọ fún mi pé bí mo bá ṣí i kúrò, ohùn á mọ́ sí i."

"Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ yọ eyín yín kí ẹnu yín lè fúyẹ́, ẹ ó gbà?"

"Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yọ ọ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ata Wẹ́wẹ́ lanu láti dá a lóhùn. Ẹ̀rín ló jáde dípò ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ sọ. Kó tó rí ọ̀rọ̀ mú, ẹnìkan jágbe lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ jẹ́ n kà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kà!"

Bàbá rẹ̀ nìyẹn, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹni tí kò mọ gítà iná má bàa ṣìnà, abẹ́ okùn gítà ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Òòfà àti wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun ló ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, tó sì ń gbé ohùn náà lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọmọrí irin ló ń bò ó, kí ariwo iná má bàa wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá yìí ló ń fi ọwọ́ wé wáyà náà, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà lórí ìdì kan, á sì máa kà á bó ṣe ń wé e. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń ríran. Gbogbo ẹni tó bá pariwo létí rẹ̀ ló ń gbọ́ gbólóhùn kan náà, tí orúkọ rẹ̀ fi di Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Kà.

Ó ká aṣọ ìkélé, ó jáde.

"Mo ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin," ó wí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Mo ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ẹ ti gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, sà. Onígítà ni mí."

"Ohùn rẹ ń ti òkè wá. O ga. Ó dára, ìwọ tó ga yìí, wọlé wá jókòó. Mo máa tú u, màá wé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa kà á fún mi."

Báyìí ni onígítà ṣe lo odidi ọ̀sán lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Ṣùgbọ́n ẹni tí orin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè ka nǹkan gbẹrẹfu. Kó tó pé igba, ó ti ń fi ẹsẹ̀ gbè é. Kó tó pé ẹgbẹ̀rún, kíkà náà ti di orin, ọwọ́ bàbá arúgbó sì ti ń bá orin náà lọ. Ata Wẹ́wẹ́ jókòó níwájú, ó ń yọ́ òjé, ó ń gbọ́. Nígbà tí ohùn náà dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó rí i pé òun ti fi òjé jó ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ìfẹ́ wọlé, kó má wá a kiri. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni.

Ọmọrí tó ti ká kò wúlò mọ́. Ata Wẹ́wẹ́ ní kí onígítà lọ, òun máa wá òmíràn tí ihò rẹ̀ bá ti gítà náà mu, kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọrí kò tíì dé. Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ kejì. Kò tíì dé. Ó wá ní ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún.

"Irú ọmọrí wo lèyí? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nǹkan tó dára kì í yá."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Èmi, ọkùnrin?"

"Ẹ wo ara yín nínú dígí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, a ó máa wá yín lórí igi."

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹfà, Ata Wẹ́wẹ́ ní kí onígítà bá òun mú sísọ́ọ̀sì nínú dúrọ́ọ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ mìíràn. Ọmọrí tuntun wà níbẹ̀ nínú bébà, ó ń dán, ọjọ́ tó dé sì wà lára bébà náà gbàgàdà. Ó ti lé ní oṣù kan.

Onígítà gbé e sókè. Ó wo ọmọrí, ó wo ọmọbìnrin. Àwọ̀ ojú Ata Wẹ́wẹ́ ti yí padà.

"Kí lẹ ń wò?" ó jágbe. "Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i!"

Onígítà rọra dá a padà, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà jẹ́jẹ́.

"Kò tíì dé," ó wí. "Màá tún wá ní Ọjọ́bọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí "ẹ" mọ́ láàárín wọn.

Bàbá kò dití. Ó mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn. Ó mọ nǹkan kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu gítà ní kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ, níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ, kò tíì níṣẹ́. Kó ríṣẹ́ tó dúró, kó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi ò ní dí i lọ́nà."

Kò pẹ́ tí ọ̀nà kan fi là. Ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ń wá onígítà. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fẹ́ gbọ́ àwọn tó bá wá, nínú gbọ̀ngàn kan tí iná pọ̀ nínú rẹ̀ bí ìràwọ̀. Iná púpọ̀ sì ni ọ̀tá píkọ́ọ̀pù tó wà ní ìhòòhò. Á máa hùn ún-ùn-ún bí ilé agbọ́n. Ọmọrí yẹn gbọ́dọ̀ wọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni onígítà gbé gítà wá. Bàbá ti lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

"Ṣé ó ti dé?" ó bi í, ó ń fi ojú tọ́ka sí dúrọ́ọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Àárọ̀ yìí ló dé," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọwọ́ rẹ̀ dára, mi ò ní fi ìyìn rẹ̀ dù ú. Ó tú okùn, ó yọ píkọ́ọ̀pù jáde. Ó fi bébà ìyanrìn ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí tí irin fi funfun, kí òjé lè rí ibi dì mú. Ó ki ọmọrí wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ bí fìlà tí wọ́n wọn orí rán. Ó fi irin gbígbóná kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ka ọ̀kan dé ẹ̀ta, òjé yọ́, ó tàn. Ó kan ẹ̀gbẹ́ òsì. Ojú òjé méjèèjì mọ́ roro bí ẹyin ẹyẹ. Nǹkan kan ló kù.

Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ kù lábẹ́ ọmọrí. Òfin ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá kù, tí wọ́n bá gbé ohùn sókè, ọmọrí á máa gbọ̀n, gítà á sì ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fà létí. Nítorí náà, wọ́n á ri gbogbo rẹ̀ sínú ìda gbígbóná, ìda á máa wọlé, afẹ́fẹ́ á máa bá ìfófòó jáde, wọ́n á sì dúró tì í títí ìfófòó tó kẹ́yìn fi máa tán. "Títí tí kò fi ní mí mọ́," ni Bàbá máa ń wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ohùn rẹ̀ dé òpin, wọ́n á fi èékánná kàn án. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, iṣẹ́ parí.

Ata Wẹ́wẹ́ ri í sínú ìda. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Onígítà fa Ata Wẹ́wẹ́ súnmọ́ àga rẹ̀.

"Bí mo bá ríṣẹ́ yìí lọ́la, ọ̀túnla ni mo máa wá bá Bàbá."

"Kí lo fẹ́ sọ? O ò mọ nǹkan sọ."

"Mo ti há a sórí. Màá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo ti ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún yín. Ẹ fún mi ní ẹyọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní.'"

Ata Wẹ́wẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omi lójú rẹ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí i.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n gbọ́ ikọ́ Bàbá níta àti ọ̀pá rẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ata Wẹ́wẹ́ kò fẹ́ kí Bàbá bá àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀, ó fò dìde kí onígítà lè tètè máa lọ. Ó fa píkọ́ọ̀pù jáde nínú ìda, ó nù ún, ó dè é padà sínú gítà. Nígbà tó fà á jáde, ìfófòó mẹ́ta ṣì ń yọ lójú ìda. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù! Ẹni tó bá ti sùn sórí àbámọ̀ rí ló mọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gùn tó.

"Ṣé ó ti dákẹ́ mímí?" ni Bàbá bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti dákẹ́, sà."

"Ṣé o fi èékánná kàn án?"

"Mo ti kàn án."

Ní Sátidé, ènìyàn méjìlá ló ń dúró nínú gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà olórin kan, tó ni ẹgbẹ́ náà, jókòó níwájú pẹ̀lú awò lójú. Nígbà tó kan onígítà, ó fi ìka rẹ̀ kan okùn wẹ́rẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́. Ìyá olórin yọ awò rẹ̀.

"Ó dára," ó wí. "Ó dára gan-an. Gbé e sókè, jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn náà gbọ́."

Ó gbé e sókè. Gítà ké.

Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún gbé e sókè, ó tún ké, igbe tó ń wọ eyín lọ. Àwọn tó ń dúró bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ti dí etí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún ké.

"Ọmọ mi," ni ìyá olórin wí, ohùn rẹ̀ kò sì le, "ìka rẹ dára. Ṣùgbọ́n èmi kì í bá ẹni tí kò mọ irinṣẹ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò. Ẹni tó kàn!"

Ní Ọjọ́ Ajé, onígítà gbé gítà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló gbà á. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó gbé ohùn rẹ̀ dé òpin, ó fi èékánná kan ọmọrí. Kọ́, kọ́, kọ́, ni ẹ̀rọ ń dáhùn, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

"Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀," ni Bàbá wí. Ó yíjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. "Báwo ló ṣe jẹ́?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bàbá kò lé ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́ tó bàjẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ó lé àbúrò ara rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà, nítorí pé ó parọ́ lórí iṣẹ́ tó bàjẹ́. "Ọwọ́ tó bá ń parọ́ kò ní kan irin mi mọ́," ó wí lọ́jọ́ náà, àbúrò náà kò sì tẹ ibẹ̀ mọ́. Ata Wẹ́wẹ́ rántí pé òun ti wí fún Bàbá ní Ọjọ́ Ẹtì pé, "Mo ti kàn án." Irọ́ kan ti wà nílẹ̀. Òmíràn ló lè bò ó.

"Nígbà tó kúrò níbí, ó dára," ó wí. "Ó ti ṣí i fúnra rẹ̀ ni. Ṣé kì í ṣe ohun tó ṣe lákọ̀ọ́kọ́ náà nìyẹn?"

Onígítà wò ó. Òjé méjèèjì wà níbẹ̀ lójú rẹ̀, mímọ́ roro bí ẹyin ẹyẹ, kò sí ọ̀bẹ kankan tó kàn án. Ó kàn ní láti nàka sí i. Ata Wẹ́wẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu tí kì í dákẹ́ dákẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni onígítà wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo ṣí i."

"Gbé gítà rẹ," ni Bàbá wí. "Má tún padà wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ata Wẹ́wẹ́ kò fi pariwo sí ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ bàtà, ó gun àtẹ̀gùn ilé tí onígítà ń gbé dé òkè pátápátá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àpótí aṣọ kan wà lórí ibùsùn.

"Mo wá..." ó wí.

"Mo ti dárí jì ọ́ kí o tó gun àtẹ̀gùn tán. Jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ kéré, àtẹ̀gùn yẹn ga."

Ó jókòó, ó sunkún dáadáa, ẹkún tó ń fa imú. Onígítà fún un ní aṣọ ìnujú.

"Ilé-ẹ̀kọ́ kan ti gbà mí," ó wí. "Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Orin ni màá máa kọ́ wọn. Iṣẹ́ tó dúró ni. Wọ́n fún mi ní yàrá méjì."

"Mú mi lọ."

"Rárá, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní jí ọ gbé lọ́wọ́ bàbá tó rò pé òpùrọ́ ni mí. Sọ fún un. Bí o bá ti sọ fún un, màá wá sọ èyí tí mo há sórí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ mi máa gbéra. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan kí n tó lọ, màá mọ̀ pé ìdáhùn rẹ nìyẹn. Mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá."

"Màá sọ fún un," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí. "Màá sọ fún un lọ́la."

Onígítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo àpá iná kéékèèké tó wà lára ìka rẹ̀, ó fi ẹnu kò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Ọjọ́ Ajé, Ata Wẹ́wẹ́ lọ dúró lẹ́bàá aṣọ ìkélé. "Bàbá."

"Jẹ́ n kà."

Ó jẹ́ kó kà. Nígbà tó kà tán, oníbàárà ti dé. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá ń ṣàwàdà, inú rẹ̀ dùn, ta ni yóò da omi sí irú iná bẹ́ẹ̀? Ní Ọjọ́rú, Bàbá pè é, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ojú mi ti fẹ́ lọ tán," ó wí. "Ìwọ ló ni ín báyìí. Ṣé o ní nǹkan kan láti bá mi sọ?"

Kọ́kọ́rọ́ náà tutù, ó sì wúwo.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti ìta wọlé pẹ̀lú ìda tó ti jáde lọ rà láti aago méje, ó jù ú sílẹ̀, ó ká aṣọ ìkélé.

"Bàbá."

"Jẹ́ n kà."

"Mi ò ní jẹ́ kí ẹ kà! Ẹ gbọ́ mi!" Ohùn rẹ̀ ti padà dé, ó lu òrùlé. "Kò ṣí i. Kò fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo yọ ọ́ nínú ìda kó tó dákẹ́ mímí. Mi ò fi èékánná kàn án. Mo parọ́ fún yín ní Ọjọ́ Ẹtì, mo tún parọ́ ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó sì dúró níbẹ̀ yẹn, ó gbà á mọ́ra nítorí mi. Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Ẹ lé mi bí ẹ bá fẹ́ lé mi. Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́."

Ọwọ́ Bàbá dúró. Wáyà tín-ín-rín náà já, kò sì wò ó.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mo ti fi àtàǹpàkò kan òjé yẹn lọ́jọ́ tó gbé e wá. Ta ló ń jó òjé bẹ́ẹ̀ yẹn bí kì í bá ṣe ìwọ? Mo rò pé o ò ní jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà kí o tó pè é padà. Mo ti ń dúró dè ọ́ láti ọjọ́ náà."

Ata Wẹ́wẹ́ ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀sán ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Màá bá a. Ẹ bá mi lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀!"

"Jókòó, ọmọ mi."

"Bàbá, kò sí àyè!"

"Kò dúró de ti ọ̀sán mọ́, ọkọ̀ aago mẹ́jọ ló ní òun máa bá lọ, ó sì ti lọ. Ó wá síbí láàárọ̀, nígbà tí o lọ ra ìda. Ó dúró níbi tí o dúró sí yẹn, ó bi mí pé, 'Sà, ṣé ọmọ yín ti bá yín sọ nǹkan kan?' Mo ní rárá."